"Ṣé Ó Ń Séèfù?": Àyẹ̀wò Géèmù Aurion àti Ohun Tí Àwọn Èèyàn Sọ Nípa Rẹ̀

Mo mọ̀ pé àyẹ̀wò ìwé ìtàn tàbí eré orí ìtàgé lẹ máa ń retí lójú ewé yìí. Lẹ́ẹ̀kan yìí, ẹ jẹ́ kí n yẹ géèmù wò. Kí ẹnikẹ́ni má tíì ṣí ewé kọjá o! Géèmù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọba nínú, ó ní àna nínú, ó ní ọ̀tẹ̀ nínú, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì pọ̀ ju gbogbo ìtàn tí ẹlòmíràn nínú wa ti kọ láti ọjọ́ tó ti wọ ẹgbẹ́ lọ. Ẹ má bínú, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Àríyànjiyàn tó ṣẹlẹ̀ nípàdé wa kan ló fa ọ̀rọ̀ yìí. A ń sọ̀rọ̀ nípa ìtàn tí àwa aláwọ̀ dúdú ń sọ nípa ara wa, ni ẹnì kan bá dárúkọ Aurion: Legacy of the Kori-Odan, géèmù tí àwọn ọmọ Kamẹrúùnù ṣe. Ó ní iṣẹ́ ńlá ni, kò sírú ẹ̀ rí. Ẹlòmíràn ní ẹ jọ̀ọ́, òun ti gbá a, ara àwọn èèyàn inú ẹ̀ le bí igi, òun ò lè torí pé aláwọ̀ dúdú ló ṣe é kóun wá máa pàtẹ́wọ́. Ariwo ta. Èmi tí mo dàgbà díẹ̀ jù yín lọ, tí mo padà wá ṣe másítà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń mú ọmọ lọ sílé ìwé, mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe pé mi ò ní nǹkan sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń rántí.

ILÉ GÉÈMÙ NÍ BÀRÍGÀ

Ẹni tó bá dàgbà sí Bàrígà tàbí Ṣómólú ní nǹkan bí 2000 sí 2005 mọ ilé géèmù. Yàrá kan ṣoṣo ni, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin, PlayStation lórí bẹ́ǹṣì, páàdì tí bọ́tìnnì ẹ̀ ti wọlé, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń pariwo lẹ́yìn ilé. Lọ́dọ̀ tiwa, náírà 10 ni ìdíje bọ́ọ̀lù kan. Ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹni tó bá borí á jókòó de ẹlòmíràn. Winning Eleven la máa ń gbá, èyí tí ilé iṣẹ́ Konami ṣe ní Japan. Bí kì í bá ṣe bọ́ọ̀lù, Tekken tàbí Mortal Kombat ni, ìjà tí kì í pẹ́ tán. Sídíì àdàkọ ni gbogbo ẹ̀. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nínú ẹ̀ ń pariwo lédè Japan, àwa náà á máa sín wọn jẹ, a ò mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Ẹ wò ó bí owó ṣe ń wọlé níbẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi wà. Géèmù tó ń parí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń pawó fún onígéèmù. Èyí tó gba ogójì wákàtí ńkọ́? Èyí tí ẹnì kan ṣoṣo á jókòó tì, tí á máa kà á bí ìwé, tí á máa bá ará abúlé sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí á máa ra oògùn àti idà, tí á máa rìn láti ìlú dé ìlú? Ta ló máa gba irú wọn láyè? Irú géèmù yẹn sì ni àwọn ará Japan mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ. Dragon Quest ti ilé iṣẹ́ Enix jáde ní 1986, Final Fantasy ti ilé iṣẹ́ Square tẹ̀ lé e ní 1987. Inú ilé ni wọ́n ṣe é fún: ọmọ tó ní tẹlifíṣọ̀n nítòsí, tí iná kì í lọ lọ́dọ̀ rẹ̀, tó sì ní ibi tó lè fi ìrìn àjò rẹ̀ pamọ́ sí di ọjọ́ kejì.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé Final Fantasy VII, èyí tó jáde ní 1997, bá àwọn sídíì mìíràn wá sílé géèmù àdúgbò wa. Sídíì mẹ́ta ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, ní 2003, ni wọ́n bá onígéèmù ṣàdéhùn: àwọn á máa gbálẹ̀, àwọn á máa bu epo sí jẹnẹrétọ̀, kó sì jẹ́ káwọn gbá a lálẹ́ lẹ́yìn tí àwọn oníbọ́ọ̀lù bá ti lọ. Ó gbà. Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀ pọ̀ gan-an, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi á mú dikíṣọ́nárì ilé ìwé wọn dání. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wá ọ̀rọ̀. Wọ́n á ní, "Wá 'mercenary'." Màá wá a. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín.

Ẹ̀gbọ́n mi gbá a dé òpin sídíì àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti pa ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Aeris, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń rìn látìbẹ̀rẹ̀. Bí ó ṣe kú, àwa méjèèjì dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó máa jí." Kò jí.

Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin sí i, a débẹ̀ lálẹ́, gbogbo ẹ̀ ti lọ. Àyè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló wà lórí káàdì tí PlayStation àkọ́kọ́ fi ń tọ́jú nǹkan. Ẹnì kan nílò àyè láti fi bọ́ọ̀lù tirẹ̀ pamọ́, ó bá pa ti ẹ̀gbọ́n mi rẹ́. A ò mọ ẹni tó ṣe é títí dòní. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n gbá ilẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà, torí àdéhùn ni, wọ́n sì mú mi lọ sílé. Wọn ò tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n jáde sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà di bí mo ṣe ń sọ yìí.

ÌRÁNTÍ TA NI?

Ẹ ó ti kíyè sí i pé láti bí ọdún mélòó kan ni àwọn onígéèmù káàkiri ayé ti ń padà sí ayé àtijọ́. Octopath Traveler jáde ní 2018, wọ́n yàwòrán ẹ̀ kó lè jọ ti 1990 sókè. Wọ́n tún Final Fantasy VII ṣe ní 2020. Sea of Stars, tí àwọn ará Québec ní Kánádà ṣe, jáde ní 2023. Wọ́n tún Dragon Quest III ṣe ní 2024. Ẹ ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ nípa wọn, ohùn kan náà ni: ó rán mi létí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

Mi ò bá wọn jà. Ìgbà èwe dùn ún rántí. Ṣùgbọ́n ìgbà èwe tí wọ́n ń rántí yẹn, yàrá ni, ìsinmi ilé ìwé ni, àti ìyá tó ń pè pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ìgbà èwe tèmi pẹ̀lú géèmù yìí, ìgbálẹ̀ ni, dikíṣọ́nárì ni, àti ìtàn tí a ò rí òpin ẹ̀. Bí mo bá gbá Sea of Stars, ó dùn mọ́ mi o, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé mo lọ síbi ìsìnkú àgbà tí mi ò mọ̀. Mò ń jẹun, mò ń jó, ẹkún ẹni tó ni òkú ò sí lójú mi.

Ohun tó mú kí Aurion yàtọ̀ sí mi nìyẹn. Àwọn tó ṣe é kì í ṣe ará Japan, wọn kì í sì í ṣe ọmọ tó dàgbà sí Kánádà. Aládùúgbò wa ni wọ́n, ààlà ilẹ̀ kan náà la jọ ní. Guillaume Olivier Madiba ló ṣáájú wọn. Láti 2003 ni ọ̀rọ̀ géèmù náà ti wà lọ́kàn rẹ̀, ọdún kan náà tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbálẹ̀ ní Bàrígà. Ó dá ilé iṣẹ́ Kiro'o Games sílẹ̀ ní Yaoundé ní 2013. Ní 2015, wọ́n gbé agbada síta lórí Kickstarter, àwọn èèyàn káàkiri ayé dá ju 40,000 owó yúrò lọ fún wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2016, géèmù náà jáde. Ẹni tó jẹ́ pé òun náà fẹ́ràn géèmù Japan láti òkèèrè ló ṣe é, bíi tiwa.

GÉÈMÙ NÁÀ FÚNRA RẸ̀

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe ń yẹ ìwé wò.

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Zama, tí oríṣiríṣi ẹ̀yà ń gbé pọ̀, tí òyìnbó kankan ò gbà rí. Enzo Kori-Odan ni ọmọ ọba tí oyè kàn. Ọjọ́ ìwúyè rẹ̀ pé, ìyàwó rẹ̀ Erine wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni wọ́n bá dìtẹ̀ gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló dìtẹ̀? Ngarba Evou, arákùnrin ìyàwó rẹ̀. Tọkọtaya náà di ẹni tó kúrò nílùú, wọ́n ń rìn káàkiri ayé láti kó agbára tí àwọn baba ńlá fi sílẹ̀ jọ. Agbára yẹn ni wọ́n ń pè ní Aurion.

Ohun méjì ni mo fẹ́ yìn. Àkọ́kọ́ ni ti ìyàwó. Nínú géèmù Japan tí mo mọ̀, àpọ́n ni akọni lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ tí kò ní ìyá tàbí baba, tó kúrò lábúlé láì dágbére fún ẹnì kan. Àwọn kan yàtọ̀, bíi Dragon Quest V ti 1992, níbi tí akọni ti gbéyàwó tó sì bímọ, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀. Aurion ti fi ìgbéyàwó bẹ̀rẹ̀. Erine kì í ṣe ẹni tí wọ́n gbé pamọ́ sílé ìṣọ́ kí ọkọ ẹ̀ wá gbà á. Òun náà ń jà. Ẹ sì wo ibi tó wà: ọkọ rẹ̀ ń lọ bá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, kí lẹ mọ àna sí? Ẹni tí a ń dọ̀bálẹ̀ fún ni àna. Bí àna bá wá di ọ̀tá, ta lẹ fẹ́ pè síbi ìpàdé ẹbí? Ará Japan lè ka ìtàn yìí kó gbádùn ẹ̀. Ọmọ Ṣómólú á kà á, á ní "Háà!"

Ìkejì ni ti Aurion fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, idán tí wọ́n fi ń jà, ọjà ni. O lówó, o rà á. Níbí, ogún ni. Àwọn tó ti kú ló ni ín, o sì gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n kó tó jẹ́ fún ọ. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti kì lóríkì láàárọ̀ rí, tí orí rẹ̀ sì wú, ẹni náà ò nílò àlàyé. Ìrìn àjò náà sì ń béèrè lọ́wọ́ Enzo pé kí ló dé gan-an tó fi fẹ́ jọba. Ìbéèrè yẹn dára. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń du ipò níbí ò tíì gbọ́ ọ rí.

Ó wá kan ẹ̀bi. Ẹni tó ní ara wọn le bí igi ò parọ́. Ìrìn wọn ò dán. Ìjà rẹ̀ dùn níbẹ̀rẹ̀, ó yára, ó jọ ti àwọn géèmù Tales of ti Japan tí ọwọ́ ẹni fi ń jà ní tààrà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ọ̀tá kan náà lò ń bá pàdé, bọ́tìnnì kan náà lò ń tẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn tún gùn jù. Ẹni méjì á dúró, wọ́n á máa ṣàlàyé ayé fún ara wọn bí ẹni tó wà nípàdé ìgbìmọ̀. Òwe ló yẹ kí wọ́n pa níbẹ̀, kí wọ́n sì máa lọ. Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀ náà ò já gaara, ó hàn pé láti inú Faransé ló ti wá.

ÌYÌN ÀÁNÚ

Ibi tí mo ti bá àwọn méjèèjì tó ń jà nípàdé wa wí nìyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ká yìn ín nítorí ibi tó ti wá: ẹ ò rí i pé èébú ló wà nínú ìyìn yẹn? Nígbà tí Aurion jáde, púpọ̀ nínú ìròyìn tó lọ káàkiri nípa rẹ̀ ló dá lórí Yaoundé ju Zama lọ. Wọ́n sọ̀rọ̀ iná tó ń lọ, wọ́n sọ̀rọ̀ owó tí kò sí, wọ́n ní ẹ wo bí wọ́n ṣe gbìyànjú tó. Mélòó ló sọ ohun kan nípa Erine? Ọmọ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún torí pé ó kàn dìde dúró, wọn ò tíì kà á sí àgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ní kò dáa rárá: ẹ rántí Final Fantasy VII tí gbogbo ayé ń sunkún lé lórí. Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ ní 1997 kún fún àṣìṣe. Orúkọ ọmọbìnrin tó kú yẹn pàápàá, "Aeris" ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́, kó tó di pé wọ́n padà wá ń kọ ọ́ ní "Aerith". Àwọn èèyàn inú rẹ̀, ọwọ́ wọn dà bíi búlọ́ọ̀kù. Kò sẹ́ni tó torí ẹ̀ ní àwọn ará Japan ò mọ géèmù ṣe. Ìtàn inú rẹ̀ lágbára, a sì fi orí jì í. Òṣùwọ̀n kan náà ni mo fẹ́ ká lò fún àwọn méjèèjì. Ká dá Aurion lẹ́bi níbi tó ti jẹ̀bi, ká sì fi orí jì í ní ìwọ̀n tí a fi jí ará Japan.

Ohun kan tún wà tí àwọn olóyìnbó tó yẹ̀ ẹ́ wò ò lè mọ̀. Bàrígà ò gbọ́ nípa rẹ̀ rárá! Orí kọ̀ǹpútà nìkan ló ti jáde, nípasẹ̀ Steam, ilé ìtajà tó jẹ́ ti àwọn ará Amẹ́ríkà. O nílò kọ̀ǹpútà tó lágbára, o nílò dátà, o sì nílò káàdì tó lè sanwó lókè òkun. Ní ọdún 2016 yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ báńkì wa dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù, tí àwọn mìíràn tiẹ̀ dá a dúró. Géèmù tí aládùúgbò wa ṣe, Amẹ́ríkà ló gbà kọjá kó tó lè dé ọ̀dọ̀ wa. Ìbátan wa kan ní London ló bá mi sanwó tèmi ní 2018.

Ẹ̀GBỌ́N MI

Mo gbé laptop mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣómólú lọ́jọ́ Àìkú kan, nígbà tí ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́. Wọ́n jókòó lórí páálí pépà, wọ́n nu yíìnkì ọwọ́ wọn. Mo gbé páàdì lé wọn lọ́wọ́. Mo ti múra láti ṣàlàyé Yaoundé, Madiba, Kickstarter àti gbogbo ẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni:

"Ṣé ó ń séèfù?"

Mo ní, "Ó ń séèfù, ẹ̀gbọ́n mi. Lórí kọ̀ǹpútà èmi nìkan ni."

"Ṣé o ò ní pa á rẹ́?"

"Mi ò ní pa á rẹ́."

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ngarba dìtẹ̀, wọ́n dáwọ́ dúró. "Àna ẹ̀ lèyí? Arákùnrin ìyàwó ẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní irú ẹ̀ wà ní òpópónà wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ gùn, wọ́n ń bínú: "Ẹ jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwàásù sílẹ̀!" Wọ́n béèrè dikíṣọ́nárì, mo ní fóònù ti gba iṣẹ́ mi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbá a lọ́jọ́ Àìkú, tí iná bá wà, tí kò bá sí iṣẹ́ kàlẹ́ńdà tàbí ti pósítà. Ó gbà wá ní oṣù mẹ́rin. A rí òpin ẹ̀.

Lọ́jọ́ tó parí, ẹ̀gbọ́n mi wo ojú kọ̀ǹpútà títí gbogbo orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ náà fi kọjá. Wọ́n ń ka àwọn orúkọ náà sókè. Mo wá ní, ẹ̀gbọ́n mi, Final Fantasy VII ti wà lórí fóònù báyìí o, mo lè gbé e sí tiyín, kẹ́ ẹ lè rí òpin ẹ̀ náà. Wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀. Ṣé wọ́n ti ṣe apá kejì èyí?"

Ìdáhùn mi sí àríyànjiyàn wa nìyẹn. Ẹni tó béèrè apá kejì kò ṣàánú ẹnikẹ́ni, kò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ mọ ohun tó kàn ni. Aurion kì í ṣe iṣẹ́ tí kò lábùkù, bí mo bá ní kí n fún un ní máàkì, 65 nínú 100 ni màá fún un, mi ò sì ní fi kún un torí ibi tí wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n ó fún ọkùnrin kan ní Ṣómólú ní ohun tí géèmù tó dáa jù ú lọ kò rí àyè fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀tàn nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín kásù òyìnbó àti dírágónì kù. Ẹ kọ nípa àna, ẹ kọ nípa oyè tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ẹ kọ nípa onígéèmù àdúgbò yín. Bí ẹ bá sì ń yẹ iṣẹ́ ara yín wò nípàdé, ẹ má ṣe fi àánú ṣe é. Ẹ sọ ibi tó ti dun, ẹ sọ ibi tó ti já. Kí ẹ sì máa tọ́jú ẹ̀dà ìwé yìí dáadáa lẹ́yìn tí ẹ bá kà á tán, torí ibi tí a lè fi nǹkan pamọ́ sí kò pọ̀.

Ó tún dìgbà kan ná. Ire o.